Mo yọ gíláàsì, etí mi di: Ìbéèrè yín, ìdáhùn wa

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Tí mo bá ti yọ gíláàsì ojú mi báyìí, ńṣe ló máa dà bíi pé etí mi náà di, pàápàá níbi ìnáwó tí ariwo bá ti pọ̀. Àwọn ọmọ mi ní kí ló kan etí nínú gíláàsì. Ṣé kì í ṣe pé nǹkan ń ṣe mí? (Ìyá kan, Ṣakí)

Ìdáhùn: Ẹ kú ìbéèrè, Mà. Òótọ́ lẹ sọ, kí àwọn ọmọ fi yín sílẹ̀ jàre. Etí nìkan kọ́ la fi ń gbọ́ ohun tẹ́nì kan ń sọ, ojú náà ń wo ẹnu ẹni yẹn, ọpọlọ á wá da méjèèjì pọ̀ kó tó sọ fún wa pé ohun tó sọ rèé, kíákíá ló sì ń ṣe é débi pé a kìí mọ̀ rárá.

Lọ́dún 1976, Harry McGurk àti John MacDonald ní Yunifásítì Surrey, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé iṣẹ́ kan jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n ya fíìmù obìnrin kan tó ń pe "ga, ga", wọ́n yọ ohùn yẹn kúrò, wọ́n wá fi "ba, ba" sí i. Ẹ wá wò ó, ọ̀pọ̀ àwọn tó wò ó ni ò gbọ́ ba, wọn ò gbọ́ ga, "da" ni wọ́n gbọ́! Tí wọ́n bá dijú, ba yẹn á padà. Ẹ dúró síwájú dígí kẹ́ ẹ pe ba, ẹ máa rí i pé ètè méjèèjì gbọ́dọ̀ pàdé, torí náà nígbà tí ojú ò rí kí ètè pàdé, ọpọlọ ò gbà pé ba ni, ló bá wá èyí tó sún mọ́ ohun tí ojú rí àti ohun tí etí gbọ́. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni pé kódà téèyàn bá mọ̀ nípa ẹ̀ tẹ́lẹ̀, da yẹn náà ló ṣì sábà máa ń gbọ́.

Bí ariwo bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ojú ṣe ń wúlò fún etí sí i, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ibi ìnáwó lẹ ti ń mọ̀ ọ́n lára jù. Nígbà kòrónà, ṣebí gbogbo wa la ń sọ pé "kí lẹ wí?" nítorí ìbòmú, ó dín ohùn kù lóòótọ́, àmọ́ ó bo ẹnu náà.

Ẹ lo gíláàsì yín, kẹ́ ẹ sì ní kí àwọn ọmọ kọjú sí yín, níbi tí iná wà, tí wọ́n bá ń bá yín sọ̀rọ̀. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, tó bá jẹ́ pé níbi tó pa rọ́rọ́ náà ẹ kìí gbọ́ dáadáa àfi tẹ́ ẹ bá wo ẹnu, ẹ lọ yẹ etí wò ní ọsibítù, torí ó lè jẹ́ pé ó ti pẹ́ tí ojú ti ń bá etí bo àṣírí.

Ìbéèrè: Kí ló dé tó fi máa ń bí mi nínú tí ẹnu àti ohùn ò bá bára mu nínú fíìmù orí fóònù mi? (Akẹ́kọ̀ọ́ kan, Ìbàdàn)

Ìdáhùn: Ọpọlọ tó ń da ohun tí ojú rí àti ohun tí etí gbọ́ pọ̀ ni kò fẹ́ kí wọ́n ta kora, àmọ́ ó máa ń fara da kí ohùn pẹ́ díẹ̀, torí ohùn kìí yára tó ìmọ́lẹ̀, nǹkan bíi mítà 340 ló ń rìn ní sẹ́kọ́ǹdì kan. Tẹ́ ẹ bá pín sẹ́kọ́ǹdì kan sí 1,000, tí ohùn bá fi 45 péré ṣáájú ẹnu, àwọn òǹwòran á ti mọ̀, àmọ́ tó bá jẹ́ pé ó pẹ́ ni, ó máa tó 125 kí wọ́n tó fura. Tó bá jẹ́ íápíìsì Bluetooth lẹ ń lò, ó lè jẹ́ òun ló ń jẹ́ kí ohùn pẹ́, ẹ dán oníwáyà wò.