Ìgbà tó yẹ ká gbin ewébẹ̀ ní Jos: òtútù òru ni kẹ́ ẹ máa wò

Ẹ kú iṣẹ́ o, arábìnrin wa tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìbàdàn kó wá sí Bukuru lẹ́bàá Jos. Ẹ ní ẹ fọ́n ata rodo àti tòmátì láàárín oṣù kejìlá, pé ata ò yọjú títí di ìsinsìnyí, tòmátì tó hù náà ò sì dàgbà. Ẹ wá ń béèrè bóyá ayédèrú irúgbìn ni wọ́n tà fún yín. Lójú tèmi, irúgbìn yín ò lẹ́bi. Òtútù ló mú un.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbin ewébẹ̀ lórí ilẹ̀ Plateau yìí. Nílé lọ́hùn-ún, òjò ni gbogbo wa fi ń ka oṣù oko. Níbí, òru lẹ máa wò. Jos ga tó nǹkan bí 1,200 mítà sí ojú òkun, nítorí náà bí ọyẹ́ bá dé, ọ̀sán lè móoru dáadáa, kó tó di ìdájí ó lè já wálẹ̀ dé nǹkan bí 10°C. Irúgbìn ata ń fẹ́ ilẹ̀ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, bí 25 sí 30°C, kó tó yára hù. Nínú ilẹ̀ tútù, á kàn jókòó síbẹ̀ ni, ó sì lè jẹrà. Ẹ yí ewé tòmátì yín sódì wò láàárọ̀: bí abẹ́ rẹ̀ bá ti ní àwọ̀ elésè àlùkò, òtútù ni kò jẹ́ kí gbòǹgbò rí oúnjẹ fà. Ẹ má da ajílẹ̀ lé e. Bí ilẹ̀ bá ti móoru, ara rẹ̀ á yá.

Ẹ tún ata míì fọ́n sínú abọ́ oníhò báyìí, kó máa sùn nínú ilé ìdáná, kó máa yá oòrùn níta lọ́sàn-án. Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹta, á ti tó hú lọ sóko. Lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ fọ́n tòmátì lábẹ́ àtíbàbà níbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án, kẹ́ ẹ gbé e lọ sóko nígbà tí òjò bá ń kásẹ̀ ńlẹ̀ ní oṣù kẹwàá, kó lè so kí òtútù tó le. Bí òru bá lọ sísàlẹ̀ 13°C, òdòdó rẹ̀ á máa rẹ̀ dànù.

Kábéèjì, létúùsì àti kárọ́ọ̀tì ni òtútù yìí tọ́ sí. Àwọn ará Abuja ń bá létúùsì jìjàkadì torí kì í fẹ́ hù dáadáa nínú ilẹ̀ gbígbóná. Àwa rèé, láti oṣù kọkànlá dé oṣù kìíní, kò sí wàhálà. Kábéèjì, ẹ fọ́n ọn láàárín oṣù kẹsàn-án, kẹ́ ẹ hú u lọ gbìn bó bá ti yọ ewé mẹ́rin sí márùn-ún. Kárọ́ọ̀tì ní tirẹ̀, a kì í hú u lọ síbòmíì, torí gbòǹgbò rẹ̀ á là sí méjì. Ojú ebè tó máa wà náà ni kẹ́ ẹ fọ́n ọn sí. Ó lè tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó yọ nínú òtútù, ọ̀pọ̀ ló ti ro ebè náà dànù kó tó hù! Ẹ fi koríko gbígbẹ bò ó, ẹ má jẹ́ kójú ilẹ̀ gbẹ, ẹ sì ká koríko náà kúrò lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá rí àkọ́yọ.

Ẹ má tẹ̀lé oṣù tí wọ́n kọ sẹ́yìn páálí irúgbìn tó ti Yúróòpù wá. Wọ́n ní oṣù kẹta sí ìkarùn-ún, torí ìgbà náà ni ìrì dídì ń lọ nílẹ̀ wọn. Níbí, oṣù kẹrin ni òjò máa ń bẹ̀rẹ̀, àwọn òjò àkọ́rọ̀ yẹn sì máa ń kó yìnyín wá. Mo ti rí i tí yìnyín ọ̀sán kan ya gbogbo ewé létúùsì mi wẹ́wẹ́.

Ibi tí iṣẹ́ wà jù ni ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú híhú. Ẹ máa ṣí àtíbàbà díẹ̀díẹ̀, ẹ dín omi kù, kí ara wọn le. Ìrọ̀lẹ́ ni kẹ́ ẹ hú wọn. Ẹ fi pòròpórò ọkà ṣọgbà sí apá àríwá àti ìlà-oòrùn, ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ti ń wá, ó sì máa ń gbẹ ọ̀dọ́ ewé ní ọjọ́ kan. Lẹ́yìn ìyẹn, òwúrọ̀ ni kẹ́ ẹ máa bomi rin ín, kí ewé má bàa sùn nínú omi.

Ewédú táwọn ọmọ yín ń béèrè, ẹ fi sílẹ̀ di oṣù kẹta. Ẹ ri irúgbìn rẹ̀ bọ omi gbígbóná fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan kẹ́ ẹ tó fọ́n ọn.

Ẹ sọ fún mi bóyá orí òkè ni oko yín wà tàbí àfonífojì lẹ́bàá kòtò ìwakùsà. Òtútù máa ń sọ̀ kalẹ̀ sí àfonífojì lóru, bó bá sì jẹ́ ibẹ̀ ni, ẹ fi ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì kún ọjọ́ tí mo sọ pé kẹ́ ẹ hú ata lọ sóko.