Ilẹ̀ Àjèjì Kò Tíì Mọ́ Àwọn Ọmọ Wa Lára: Kí Ni Ẹ̀sìn Sọ?

ÌBÉÈRÈ: Àsàláàmù àlékúmù, Álífà wa. Oṣù keje rèé tí èmi àti ọkọ mi kó àwọn ọmọ wa méjèèjì wá sí òkè òkun. Àbúrò, tó jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún, ń sunkún ìyá àgbà rẹ̀ ní alaalẹ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́jọ, kò fẹ́ sọ èdè wa mọ́. Èdè ilé-ìwé ni ó fi ń dá wa lóhùn, ó sì ń tijú láti kírun níbi tí ojú àjèjì bá wà. Ọkọ mi ní kí a fòfin de èdè àjèjì nínú ilé, kí a sì máa fi ẹgba mú ọmọ náà kírun, nítorí pé hádíìsì, ìyẹn ọ̀rọ̀ Ànábì tí a gbà wá, sọ bẹ́ẹ̀. Ọkàn mi kò balẹ̀ sí i.

ÌDÁHÙN: Wà àlékúmù sàláàmù wà ráhmátúlláhì wà bàrákátúhù, arábìnrin wa. Ẹkún àbúrò yìí ni mo fẹ́ kọ́kọ́ mú, nítorí pé òun ni àwọn òbí sábà máa ń fojú kéré jù. Nígbà tí àwọn sàhábà, ìyẹn àwọn ẹmẹ̀wà Ànábì, ṣí kúrò ní Mẹ́kà lọ sí Mẹ̀dínà, ibà mú Abū Bakr àti Bilāl, Bilāl sì ń kéwì nípa àfonífojì Mẹ́kà àti koríko rẹ̀ tí ọkàn rẹ̀ ń fà sí. Ànábì Muhammad, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, kò sọ pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ mẹ́hẹ. Àdúà ni ó ṣe, pé kí Ọlọ́hun jẹ́ kí àwọn fẹ́ràn Mẹ̀dínà bí àwọn ṣe fẹ́ràn Mẹ́kà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bùkárí, onímọ̀ tó kó hádíìsì jọ, ló gbà á wá. Bí àárò ilé bá lè mú Bilāl, ẹni tí ìyà Mẹ́kà kò lè mú yẹ̀ lórí ẹ̀sìn, kí ni ká ti wí nípa ọmọ ọdún márùn-ún tí ẹnikẹ́ni kò bi léèrè kí wọ́n tó di ẹrù rẹ̀? Ẹ má ṣe bá a wí nítorí ẹkún náà. Ẹ jẹ́ kí ó máa gbọ́ ohùn ìyá àgbà lórí fóònù ní àkókò kan tí kì í yẹ̀, nítorí pé síso okùn ẹbí pọ̀ ni ìyẹn náà jẹ́. Bí ẹ bá ti ń ka Āyatul Kursiyy, āyah ààbò inú Àlùkùránì, fún un kó tó sùn nígbà tí ẹ wà nílé, ẹ má ṣe dá a dúró níbí, kí ohun kan lè wà tí kò yí padà fún un.

Ní ti èdè, n kò mọ ẹ̀rí kankan tó sọ èdè àjèjì di èèwọ̀ nínú ilé mùsùlùmí. Ọlọ́hun ka ìyàtọ̀ àwọn èdè wa mọ́ àwọn àmì Rẹ̀ nínú Sūratu Rūm, āyah 22. Ní nǹkan bí ọdún 615, àwọn mùsùlùmí kan sá fún inúnibíni ní Mẹ́kà lọ sí ilẹ̀ Habasha, ní agbègbè Etiópíà òde òní, wọ́n sì bímọ síbẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà ni Ummu Khālid. Nígbà tí bàbá rẹ̀ mú un wá sọ́dọ̀ Ànábì, tòun ti ẹ̀wù aláwọ̀ ìyeyè lọ́rùn rẹ̀, Ànábì wí fún un pé, “Sanah, sanah,” èyí tó túmọ̀ sí “ó dára” ní èdè Habasha. Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í fi èdìdì ànábì, àmì kan tó wà ní ẹ̀yìn Ànábì, ṣeré. Bàbá jágbe mọ́ ọn, ṣùgbọ́n Ànábì ní kí ó fi í sílẹ̀. Mo máa ń ronú lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn. Èdè Lárúbáwá ni Àlùkùránì fi sọ̀ kalẹ̀, òun náà sì ni èdè Ànábì, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ tí ọmọ náà mọ̀ láti ibi tí ó ti ń bọ̀ ni ó fi yẹ́ ẹ sí.

Nítorí náà, ẹ máa fi èdè yín bá ẹ̀gbọ́n sọ̀rọ̀ láìdáwọ́dúró, kí ẹ sì gba èsì rẹ̀ ní èdè yòówù tí ó bá fi fèsì. Ẹ ní kí ó kọ́ ẹ̀yin náà ní ọ̀rọ̀ kan láti ilé-ìwé, kí ẹ sì sọ ohun tí à ń pè é ní èdè tiyín fún un. Ọmọ tí a bá fòfin dè lẹ́nu nínú ilé yóò kàn dákẹ́ ni, ìdákẹ́jẹ́ sì burú ju èdè àjèjì lọ fún òbí tó fẹ́ mọ ohun tí ojú ọmọ rẹ̀ ń rí níta.

Hádíìsì tí ọkọ yín tọ́ka sí wà lóòótọ́ nínú àkójọ Abū Dāwūd: a ó pa ọmọ láṣẹ ìrun ní ọdún méje, a ó sì nà án lórí rẹ̀ ní ọdún mẹ́wàá. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni tiyín, nítorí náà apá tí ó kàn án ni ti àṣẹ àti ẹ̀kọ́. Kódà ní ọdún mẹ́wàá, àwọn onímọ̀ ní kò gbọdọ̀ jẹ́ nínà tí yóò dá egbò sí i lára, bẹ́ẹ̀ ni a kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ kan ojú. Ní orílẹ̀-èdè tí òfin bá ti ka nínà ọmọ léèwọ̀, ẹni tó wọlé pẹ̀lú ìyọ̀ǹda wọn ti wà lábẹ́ àdéhùn, Sūratul Mā'idah sì fi àṣẹ mímú àdéhùn ṣẹ bẹ̀rẹ̀. Ó máa ń yà mí lẹ́nu pé hádíìsì ẹgba ni púpọ̀ nínú wa há sórí, tí a kò rántí ti Anas, ẹni tó sin Ànábì fún ọdún mẹ́wàá tí kò gbọ́ “ṣíọ̀” lẹ́nu rẹ̀ rí.

Ìrun kò tíì di ọ̀ranyàn lórí ọmọ tí kò tíì bàlágà, nítorí náà ẹ má ṣe fi dandan mú un kí i ní ilé-ìwé. Nílé ni kí ó ti kọ́kọ́ mọ́ ọn lára. Kí bàbá rẹ̀ mú un dúró sí apá ọ̀tún rẹ̀, bí Ànábì ṣe mú Ibn Abbās dúró nígbà tó ṣì jẹ́ ọmọdé, kí ọmọ náà máa pe ìkámà, ìpè tó ṣáájú ìrun gan-an, kí wọ́n sì jọ máa lọ sí mọ́sálásí tó bá wà nítòsí, kí ó lè rí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń kírun láìtijú.

Ẹ má ṣe bá ọkọ yín jiyàn níṣojú àwọn ọmọ. Ìbẹ̀rù tó ń bà á kì í ṣe àbùkù, nítorí Sūratu Tahrīm pa á láṣẹ fún wa láti ṣọ́ ara ilé wa. Ọ̀nà tó fẹ́ gbà ni mo yàtọ̀ sí. Ẹ fún un ní ìdáhùn yìí kà, bí ó bá sì ní ohun tí kò tẹ́ ẹ lọ́rùn nínú rẹ̀, kí òun fúnra rẹ̀ kọ̀wé sí mi. Ọlọ́hun ni Onímọ̀ jùlọ.