Èsì: Kí ni wọ́n ń rí nínú Gindiri?

Ẹ káàárọ̀ o, Ìyá Bọ́lá. Ẹ ní láti ìgbà tẹ́ ẹ ti dé Jos lẹ ti ń gbọ́ táwọn àgbà ń pe Gindiri ṣáá, kí ló dé tí ilé ìwé abúlé láàárín òkè fi lórúkọ tó bẹ́ẹ̀?

Ọdún 1934 ni àwọn míṣọ́nnárì Sudan United Mission bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ìhà Mangu, Bill Bristow ló ṣáájú wọn. Ẹ má rò pé ọmọdé ni wọ́n kó jọ o. Àwọn ajíhìnrere àti tíṣà ni wọ́n ń kọ́, kí wọ́n lè padà lọ ṣí kíláàsì lábúlé tiwọn. Ibẹ̀ gan-an ni agbára rẹ̀ wà: ẹnì kan ṣoṣo á lọ, odidi abúlé á sì di ọ̀mọ̀wé. Solomon Lar, gómìnà alágbádá àkọ́kọ́ ní Plateau, ibẹ̀ ló ti kọ́ṣẹ́ tíṣà.

Ilé ìwé girama ọkùnrin dé ní 1950, tàwọn obìnrin tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n tàwọn ọmọ afọ́jú tó bẹ̀rẹ̀ ní 1953 ló wú mi lórí jù. Nígbà yẹn, bárà ni ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ọmọ tí kò ríran máa ṣe, àwọn wọ̀nyí ń kọ́ ọ láti fi ìka kàwé!

Tíṣà tó kọ́ mi ní ìṣirò, ọmọ Gindiri ni. Ó le bí àpáta ibẹ̀, pàṣán rẹ̀ kì í sinmi. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ wo Gindiri, Mangu lẹ máa gbà.