Bàbá Abẹ Dáhùn: Àfítàṣéèfù Tó Ń Ta Sánsán, Tí Kò Ní Ta Yín Lójú

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Látìgbà tí mo ti sọ̀rọ̀ abẹ tó kú àti abẹ tó mú lójú ewé yìí, ìbéèrè yín ti kúrò lórí abẹ, ó ti bọ́ sórí ohun tí à ń fi pa ẹ̀rẹ̀kẹ́ lẹ́yìn tí a bá fá irùngbọ̀n tán. Mo mú márùn-ún nínú wọn. Ẹni tí kò bá rí tiẹ̀, kó fojú sọ́nà.

*Bàbá Abẹ, ẹ kú iṣẹ́ o. Báńkì ni mo ti ń ṣiṣẹ́, wọn ò sì fẹ́ rí irùngbọ̀n lójú wa níbẹ̀, nítorí náà ojoojúmọ́ ni mò ń fá a. Àfítàṣéèfù tí mò ń rà ti wọ́n kọjá agbára mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ mi bí mo ṣe lè pò ó nílé, kó máa ta sánsán bíi ti òyìnbó.* Ọmọ Báńkì, Abẹ́òkúta

Ọmọ mi, kò le. Ó rọrùn ju ẹ̀fọ́ rírò lọ, sùúrù ọjọ́ méje nìkan ló ń béèrè.

Wá fọ́díkà tí kò láwọ̀, èyí tí wọ́n kọ 40% sí lára ìgò ẹ̀. Wọn 150 ml sínú ìgò onídèérí tó gbẹ dáadáa. Ka kànáfùrù mẹ́wàá sí i. Mo ní kí o kà á, mi ò ní kí o bù ú. Kànáfùrù lágbára, tó bá pọ̀ jù, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ á máa gbóná bí ẹni tí wọ́n gbá létí. Lẹ́yìn ìyẹn, mú èèpo ọsàn mímu kan, fi ọ̀bẹ ha funfun inú ẹ̀ kúrò, kí o sá a sínú ilé fún ọjọ́ méjì mẹ́ta títí tí á fi máa dún tí o bá ṣẹ́ ẹ. Ọsàn mímu ni mo wí o, kì í ṣe ọsàn wẹ́wẹ́. Wàá rí ìdí ẹ̀ nísàlẹ̀. Bí o bá rí ewé tíì, ká mẹ́ta, sá òun náà, kí o gé e sí i. Dé ìgò náà pa, gbé e sí kọ́bọ́ọ̀dù tí oòrùn ò dé, kí o máa mì ín láàárọ̀ àti lálẹ́.

Àwọ̀ ẹ̀ ló máa kọ́kọ́ sọ fún ọ pé iṣẹ́ ti ń lọ. Lọ́jọ́ kejì á ti dà bíi tíì fẹ́lẹ́ tí wọn ò tíì fi mílíìkì sí. Tó bá di ọjọ́ kẹrin, kànáfùrù á ti gba gbogbo ìgò náà mọ́ ọsàn lọ́wọ́, wàá sì rò pé o ti bà á jẹ́. Fi í sílẹ̀. Èmi náà ti da ìgò méjì nù rí nítorí àìnísùúrù ọjọ́ kẹrin yìí.

Lọ́jọ́ keje, fi aṣọ funfun tó mọ́ sẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mejì. Fi gílísírínì ṣíbí tíì kan sí i kí ọtí má bàa gbẹ ojú rẹ bí ilẹ̀ ọyẹ́. Wá mú omi rósì 50 ml (tí kò bá sí, omi tí o sè tí o sì jẹ́ kó tutù), kí o máa rọ́ ọ sí i díẹ̀díẹ̀.

Ibí yìí lẹ̀rù ti máa ń ba àwọn èèyàn. Ohun tó mọ́ gaara lójú rẹ lè ṣàdédé ṣú, kó funfun bí omi tí wọ́n fi fọ ìrẹsì. Kò bàjẹ́ o. Ṣé o ti rí bí Dettol ṣe ń funfun tí wọ́n bá kán an sínú omi ìwẹ̀ ọmọ? Ohun kan náà ni. Ọtí ló di epo kànáfùrù àti epo ọsàn mú. Bí omi bá ṣe ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ ọtí ń dẹ̀, epo á já bọ́ ní wínníwínní. Máa mì ín kó o tó lò ó, ó parí.

Má ṣe tún rọ́ omi sí i ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí mo ṣe ṣírò ẹ̀ fún ọ yìí, ọtí tó wà nínú ẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 30%. Tó bá lọ sísàlẹ̀ 20%, kò ní lè pa ara ẹ̀ mọ́, á bu bíi búrẹ́dì ọjọ́ kẹfà. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ní kó o fi omi inú ewé etí erin tútù sí i bí àwọn kan ṣe ń ṣe. Etí erin dára fún ojú, àmọ́ ọjọ́ tó o bá gé e ni kó o lò ó.

Ẹnì kan á sì sọ fún ọ pé kó o gbé e ka iná kó lè tètè jáde. Má dán an wò. Ọtí 40% ti ń tú atẹ́gùn ọtí tó lè gbaná láti nǹkan bíi 26°C, ilé ìdáná tiwa sì gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ kó o tó ṣá ìṣáná rárá.

Kó o tó fi kan ojú, kán díẹ̀ sí kọ̀rọ̀ ìgbọ̀nwọ́ rẹ, kí o wò ó fún ọjọ́ méjì. Tí kò bá yún ọ, tí kò sì pọ́n, fi omi tútù ṣan ojú lẹ́yìn ìfárùngbọ̀n, fi aṣọ tẹ̀ ẹ́ gbẹ, kí o wá fi ìwọ̀nba àtẹ́lẹwọ́ kan pa á.

Ti pé kó ta sánsán bíi ti òyìnbó, ìyẹn ni mi ò lè ṣèlérí. Tìrẹ á ta sánsán fún bíi wákàtí kan, á sì lọ. Tó o bá fẹ́ kí wọ́n gbóòórùn rẹ láti ẹnu géètì báńkì, fín lọ́fíńdà sáṣọ. (Ẹ sì wo ọ̀rọ̀ yẹn náà: òdòdó kan ṣoṣo ni òyìnbó ń pè ní lavender, àwọn bàbá wa gba orúkọ ẹ̀, wọ́n fi sọ gbogbo òórùn dídùn ayé.)

*Bàbá, fọ́díkà wọ́n, ògógóró sì pọ̀ lọ́dọ̀ wa bí omi. Ṣé mi ò lè lò ó? Tí kò bá ṣeé lò, sípírítì tí wọ́n ń tà ní kẹ́míìsì ńkọ́? Òun kúkú làwọn bábà ń lò, ó sì máa ń ta dáadáa, tí èèyàn á mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́.* Ọmọ Ìkálẹ̀, Òkìtìpupa

Ọmọ Ìkálẹ̀, ìwọ ló yẹ kó o sọ ìtàn yìí fún mi. Òde-Ìrèlè ò jìnnà sí ọ. Ní ọdún 2015, nígbà tí ojú àwọn èèyàn ń ṣàdédé fọ́ níbẹ̀, tí wọ́n sì ń kú, àwọn kan ní òrìṣà ló ń bínú. Methanol, irú ọtí kan tó jẹ́ májèlé, ni àwọn oníṣègùn rí nídìí ẹ̀, ìjọba àpapọ̀ sì fòfin de ògógóró lọ́dún yẹn. Ẹni tó ń pọn tiyín lè jẹ́ olóòótọ́ èèyàn, àmọ́ methanol jọ ọtí gidi lójú, ó jọ ọ́ nímú, awọ ara sì máa ń mu ún. Ojú tí abẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá lórí ẹ̀, ìlẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀ ni.

Ti sípírítì yẹn, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ba ọtí inú ẹ̀ jẹ́ ni kí ẹnikẹ́ni má bàa mu ún, methanol yìí kan náà ni wọ́n sì sábà máa ń fi bà á jẹ́.

Òótọ́ ni pé àwa bábà lò ó. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ní Mọ́kọ́lá, á da sípírítì sọ́wọ́, á gbá a mọ́ oníbàárà lẹ́yìn ọrùn, pàá! Oníbàárà á fò lórí àga, á ní, “Yéè, ọ̀gá!” Ọ̀gá á rẹ́rìn-ín, á ní, “Ó ń ṣiṣẹ́ nìyẹn.” Nígbà tí mo gba fírídọ̀ọ̀mù, tí mo ṣí ṣọ́ọ̀bù tèmi, èmi náà ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ó tó ogún ọdún. Irọ́ la jọ ń pa. Awọ tí abẹ ti ha ló ń ké, kò sí iṣẹ́ kankan tí títa yẹn ń ṣe. Èdè Yorùbá ló dá wàhálà yìí sílẹ̀ fún wa: òórùn ń ta, ata náà ń ta, a wá rò pé ọ̀kan ò lè wà láìsí èkejì. Sípírítì wà fún kílípà. Fi nu eyín ẹ̀ láàárín oníbàárà kan sí èkejì, jẹ́ kó gbẹ, ibẹ̀ ni kó dúró.

Tí owó fọ́díkà ò bá sí, ra álọ́ọ̀mù, òkúta funfun tí àwọn ìyá wa ń jù sínú omi kànga kó lè tòrò. Kì í ta sánsán, àmọ́ ó ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró. Fi omi rin ín, fi ra ojú tó o fá tán, ka ọgọ́ta, kí o ṣan án kúrò.

*Ẹ káàsán sà. Ọsàn wẹ́wẹ́ ni ọkọ mi máa ń là, tí á fi ra ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó bá fárùngbọ̀n tán, á ní òun ni àfítàṣéèfù àwọn bàbá òun. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ wá ní àmì dúdú bí ibi tí omi gbígbóná ti ṣàn kọjá. Wọ́n ní ayé ló ń ṣe é.* Ìyá Ọlá, Ìwó

Ìyá Ọlá, kì í ṣe ayé. Oòrùn ni.

Mo mọ̀ nítorí pé mo ti fi ọwọ́ ara mi ṣe é. Ní 1984, oníbàárà mi kan ń gbéyàwó. Mo fá a títí ojú ń dán, mo wá ní kí n ṣe é lóge, mo fún ọsàn wẹ́wẹ́ méjì, mo fi pa á láti ẹ̀rẹ̀kẹ́ dé ọrùn. Gbogbo ọjọ́ náà ló fi jó lágbàlá láìsí ìbòòji. Ní ọjọ́ Sátidé yẹn kò ṣe é ní nǹkan kan. Ọjọ́ Ajé ló tó padà wá, ojú ẹ̀ ti lé ròrò. Nígbà tí ìyẹn jiná, ó dúdú, ẹ sì rí ìlà tí omi ọsàn gbà ṣàn dé abẹ́ kọ́là, ó hàn ketekete bí ẹni fi tàdáwà fà á. Ó pé oṣù mẹ́ta kó tó ṣá. Gbogbo fọ́tò ìgbéyàwó dára o, fọ́tò ìsọmọlórúkọ ni mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi hàn mí.

Nǹkan kan wà nínú omi àti èèpo ọsàn wẹ́wẹ́ tí kì í ṣe awọ ní ibi nínú òkùnkùn, àfi tí oòrùn bá kàn án. Ó máa ń pẹ́ tó ọjọ́ kan sí méjì kó tó fara hàn, ìdí nìyẹn tí kò fi sẹ́ni tó ń fura sí ọsàn. Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n dáwọ́ dúró, kí wọ́n máa sá fóòrùn, kí wọ́n má sì fi ìpara abóra kankan lé e. Á ṣá fúnra ẹ̀. Ọsàn wẹ́wẹ́ yẹn, ẹ fi fọ ẹja.

*Ẹ̀gbọ́n, Peckham ni mo wà. Bọ́ǹpù kún gbogbo àgbọ̀n mi. Màmá mi ní kànáfùrù ni kí n sè, ọ̀rẹ́ mi ará Jàmáíkà sì fún mi ní bay rum. Ṣé ọtí ni? Èwo ló máa wò ó?* Ayọ̀, London

Àbúrò, kò sí èyí tó máa wò ó nínú méjèèjì, ìbátan sì ni wọ́n. Ewé igi kan láti erékùṣù àwọn ará Karíbíà ni wọ́n ń rẹ sínú ọtí rum láti fi ṣe bay rum. Ní sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún, erékùṣù St. Thomas ló gbajúmọ̀ jù fún un, nígbà tí àwọn ará Denmark ṣì ń ṣàkóso ibẹ̀. Epo tó pọ̀ jù nínú ewé náà, eugenol, òun náà ló ń mú kànáfùrù ta ahọ́n. Màmá rẹ àti ọ̀rẹ́ rẹ ń sọ ohun kan náà lédè méjì.

Bọ́ǹpù, irun wa ló ń fà á. Irun wa ká. Tí abẹ bá gé e tó wọnú awọ lọ, orí ẹ̀ á ṣe ṣóńṣó. Bó ṣe ń hù padà, á tẹ̀, á gún awọ wọlé, ara á gbà pé ẹ̀gún ni, á wú. Òórùn kankan ò lè tú irun tó ti wọlé. Bó o ṣe ń fá a ni kó o yí padà: kílípà tó ń ṣẹ́ irun díẹ̀ kù ló dára jù. Tó bá di dandan kó jẹ́ abẹ, lo abẹ ẹlẹ́nu kan, tẹ̀ lé ibi tí irun kọjú sí, má sì na awọ. Tó bá ń ṣọyún, tàbí tó ń le bíi kókó, lọ rí dókítà awọ. Bay rum yẹn, ọjọ́ tí ojú rẹ bá jiná ni kó o tó ṣí i.

*Àsàláámù aláékúm. Mi ò fẹ́ ọtí lára mi rárá, mo sì fẹ́ òórùn dídùn. Ọ̀nà wà?* Àlhájì, Ìlọrin

Wa aláékúmù sàláàmù, Àlhájì. Àwọn áàfáà ń jiyàn lórí ọtí tí a kì í mu tí a kàn ń fi para. Ẹ bi tiyín, èmi ò ní bá wọn dá sí i. Ọ̀nà wà.

Ẹ mú òrí gidi ṣíbí ìjẹun mẹ́ta, ẹ gbé abọ́ ẹ̀ sórí omi gbígbóná, kó yọ́. Ẹ gbé e kúrò, ẹ dúró títí etí abọ́ á fi bẹ̀rẹ̀ sí í dì. Ìgbà yẹn gan-an ni kí ẹ kán mísíkì olóróró, irú èyí tí wọ́n ń tà lẹ́nu mọ́ṣáláṣí ní Jímọ̀, ẹ̀kán mẹ́jọ péré. Tí ẹ bá kán an sí i nígbà tó ṣì gbóná, ooru ló máa gbé òórùn yẹn lọ. Ẹ fi fọ́ọ̀kì lù ú títí á fi funfun bí ẹ̀kọ. Ìwọ̀n ẹ̀wà ẹyọ kan tó ojú.

Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá yọ́ ọ, ẹ gbé e sí fíríìjì, á dì. Tó bá dì tó wá ń rí kóró-kóró bíi gàrí lábẹ́ ìka, kò bàjẹ́. Ẹ yọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ẹ jẹ́ kó tètè tutù.