Bàbá A, ìyá B, ọmọ O: ó lè ṣẹlẹ̀ dáadáa

Arákùnrin mi, ẹ ní irú ẹ̀jẹ̀ yín jẹ́ A, ti ìyàwó yín jẹ́ B, ti ọmọ yín sì jáde ní O, ẹ wá ń béèrè bóyá irú rẹ̀ ṣeé ṣe. Ó ṣeé ṣe. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bá ẹnikẹ́ni sọ ọ́ nínú ilé, nítorí èmi sọ tèmi, ojú mi sì rí màbo.

Àbùdá méjì ló ń pinnu irú ẹ̀jẹ̀ yìí lára ẹnì kọ̀ọ̀kan: ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá. A àti B kì í fara pamọ́, ṣùgbọ́n O kì í hàn àfi tí méjèèjì bá jẹ́ O. Ẹni tí wọ́n kọ A fún lè jẹ́ AA tàbí AO, àyẹ̀wò tí wọ́n sábà ń ṣe kò sì lè fi ìyàtọ̀ wọn hàn. Bí ẹ bá jẹ́ AO tí ìyàwó yín sì jẹ́ BO, ìdá kan nínú mẹ́rin ni ọmọ O. Felix Bernstein, onímọ̀ ìṣirò ará Jámánì, ti là á yé ayé láti ọdún 1924, ìdí nìyẹn tí inú fi ń bí mi sí àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti mọ̀ ọ́n.

Ní tèmi, káàdì tí mo ń gbé kiri láti ìgbà èwe sọ pé AB ni mí. Ìyàwó mi jẹ́ O. Nígbà tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ wa kejì wò, O ni wọ́n bá níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ A tàbí B ni AB àti O máa ń bí. Òṣìṣẹ́ tó jókòó níbẹ̀ to ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ó fi bírò rẹ̀ kan ti ọmọ, ó wo ìyàwó mi láti òkè délẹ̀, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ lọ bi ìyàwó yín dáadáa." Ọmọ náà wà lórí itan ìyá rẹ̀. Ọkùnrin yìí kò bèèrè ìgbà tí wọ́n ṣe àyẹ̀wò tèmi, kò sì ní kí wọ́n tún un ṣe. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlá gbáko ni mo fi sùn ní pálọ̀. Lóru, màá tan iná fóònù sí ọmọ tó ń sùn, màá máa wo etí rẹ̀ bóyá ó jọ tèmi. Ìyàwó mi kò sunkún lójú mi; yóò ká aṣọ, yóò tú u, yóò tún un ká.

Dókítà tí mo tọ̀ lọ fi ọ̀rọ̀ ńláńlá bò mí mọ́lẹ̀, ó ní kí n lọ ṣe àyẹ̀wò DNA. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò ló bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo: "Irú ẹ̀jẹ̀ wo ni ti ìyá yín?" Mo ní O ni. Ó ní ẹni tí ìyá rẹ̀ jẹ́ O kì í jẹ́ AB, nítorí O nìkan ni ìyá bẹ́ẹ̀ ní láti fún un. Ó gún ìka mi, ó kán ẹ̀jẹ̀ sójú méjì lórí àwo funfun pẹlẹbẹ, ó sì po omi àyẹ̀wò A mọ́ ọ̀kan, ti B mọ́ èkejì. Ti A ṣù jọ bí iyanrìn pupa lójú mi. Ti B ń ṣàn jọ̀lọ̀. A ni mí, AO sì ni. Àṣìkọ ni káàdì yẹn láti ilẹ̀ wá.

Nítorí náà, ẹ bèèrè irú ẹ̀jẹ̀ àwọn òbí yín méjèèjì. Bí ọ̀kan nínú wọn bá jẹ́ O, AO ni yín láìsí àní-àní. Bí kò bá sì sí, ẹ ṣì lè jẹ́ AO. Bákan náà ni ti ìyàwó yín.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni da èyí pọ̀ mọ́ jẹ́nótáìpù, AA tàbí AS, tó jẹ mọ́ àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde. Àyẹ̀wò ọ̀tọ̀ ni. Ti Rhesus, ìyẹn pọ́sítífù tàbí nẹ́gétífù tí wọ́n ń kọ mọ́ irú ẹ̀jẹ̀, náà tún yàtọ̀: òbí méjì tí wọ́n jẹ́ pọ́sítífù lè bí ọmọ nẹ́gétífù. Ìyá tó bá jẹ́ nẹ́gétífù tó bí ọmọ pọ́sítífù gbọ́dọ̀ gba abẹ́rẹ́ anti-D láàárín wákàtí 72 lẹ́yìn ìbímọ, kí oyún tó ń bọ̀ má baà wà nínú ewu, ẹ má sì dúró de ẹni tí yóò rán yín létí. Àwọn kan tún wà, wọn kò pọ̀, tí wọ́n ní àbùdá A tàbí B ṣùgbọ́n tí àyẹ̀wò ń pè wọ́n ní O. Ìlú Bombay ní Íńdíà, tí wọ́n ń pè ní Mumbai báyìí, ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣàkíyèsí wọn ní 1952. Torí náà, àní bí ìṣirò bá kọ̀ tí kò bára mu, kì í ṣe ẹ̀sùn ni ó kàn.

Bí ẹ bá lọ tún àyẹ̀wò ṣe, ẹ má dìde lórí àga títí wọn yóò fi kọ orúkọ yín sára ìgò ẹ̀jẹ̀ náà lójú yín.