Ọmọ mi fẹ́ dà bíi Gekko

Ẹ̀yin ará Òṣogbo tí a jọ ń tọ́mọ lókè òkun, ẹ kú làálàá. Ọmọkùnrin mi, ọmọ ọdún 15, ti lẹ àwòrán Gordon Gekko mọ́ ògiri yàrá rẹ̀, olówó inú fíìmù Wall Street ti ọdún 1987. Ó ní bí òun ṣe fẹ́ dà nìyẹn. Mo ní ọ̀kánjúwà ni wọ́n ń fi ọkùnrin yẹn bá wí, ó ní mi ò mọ nǹkan kan nípa owó. Ṣé kí n já àwòrán náà ni?
Ìyá Ayọ̀, Toronto

Ìyá Ayọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má já a. Michael Douglas tó ṣe Gekko ti sọ ọ́ fúnra rẹ̀ pé àwọn èèyàn máa ń wá bá òun, wọ́n á ní torí òun làwọn ṣe wọ iṣẹ́ Wall Street, ìyẹn iṣẹ́ ríra àti títa ìpín ilé iṣẹ́. Oliver Stone ló darí fíìmù náà; bàbá rẹ̀ ṣe iṣẹ́ yẹn, Stone sì mọ ohun tó ń bá wí. Ṣùgbọ́n ó wọ Gekko láṣọ tó dáa, ó fi ọ̀rọ̀ dídùn sí i lẹ́nu. Aṣọ lojú ọmọdé kọ́kọ́ ń rí.

Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí. Ní 1971, Norman Lear gbé Archie Bunker sórí tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà, bàbá ẹlẹ́tanú tí wọ́n fẹ́ kí ayé fi rẹ́rìn-ín. Ìwádìí kan tó jáde ní 1974 fi hàn pé àwọn tí ẹ̀tanú ti wà lọ́kàn wọn gbà pé Archie ló ń borí. Ó dùn mí nígbà tí mo kà á, torí mo ti rò pé ẹ̀rín tó láti tú àṣírí ìwà burúkú.

Nígbà tí mo mú ọmọbìnrin mi lọ sílé l'Óṣogbo, ìyá mi pa àlọ́ Ìjàpá fún un, èyí tó lọ sílé àna rẹ̀, tó bu àsáró gbígbóná sínú fìlà, tó sì dé e mọ́rí. Ọmọ mi rẹ́rìn-ín títí, ó ní Ìjàpá gbọ́n. Ìyá mi ò bá a wí. Ó kàn ní, "Tó bá jẹ́ ìwọ lo se àsáró yẹn ńkọ́?" Ó wá ní kó tún àlọ́ náà pa bí ìyá ìyàwó Ìjàpá ṣe máa pa á. Ẹ wo bí inú ṣe ń bí ọmọ yẹn nígbà tó dé ibi tí wọ́n ti ṣí ìkòkò!

Orí fóònù, ibi tí Gekko ti ń bá àwọn tó ní ìpín nínú ilé iṣẹ́ kan sọ̀rọ̀ nìkan ni wọ́n ń gé pín kiri. Ẹ jókòó ti Ayọ̀, kẹ́ ẹ jọ wo gbogbo rẹ̀ tán. Tí Gekko bá fẹ́ ra ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú Bluestar kó lè tú u tà, ẹ dá fíìmù náà dúró níbẹ̀. Carl, bàbá ọ̀dọ́kùnrin tó ń tẹ̀ lé Gekko, ibẹ̀ ló ti ń tún ọkọ̀ òfuurufú ṣe. Ẹ ní kí Ayọ̀ sọ ìtàn náà látẹnu Carl. Tó bá dákẹ́, ẹ jẹ́ kó dákẹ́.

Tẹ́ ẹ bá sì ń lọ sílé fún ọdún Ọ̀ṣun lóṣù kẹjọ, ẹ mú un dání. Ìyá mi ṣì ń pàlọ́.
Bàbá Ìbejì, Manchester