Ẹ Bi Wá: Àwòrán ewé akòko tó lé ní 200 ọdún, ọ̀dọ̀ ta ló ti wá?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú wa. Mo ra àwòrán ewé kan níbi tí wọ́n ti ń ta ẹrù àtijọ́ ní London níbí, mo wò ó títí, mo ní ṣebí akòko nìyí, akòko tí wọ́n ń já lé ìjòyè lórí nílé wa! Wọ́n kọ Spathodea laevis sísàlẹ̀ ẹ̀, ẹni tó tà á sì ní inú ìwé kan tó ń jẹ́ Flore d'Oware et de Bénin ni wọ́n ti gé e jáde. Ta ló ṣe é? Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé kì í ṣe fótókópì? Bàbá Ìbejì ní kí n lọ laminéètì ẹ̀ kó má bàa bàjẹ́. — Ìyá Ìbejì, London

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ilé o. Kí n tètè sọ ọ́ kó tó pẹ́ jù: ẹ jọ̀ọ́, ẹ má laminéètì ẹ̀! Iná ẹ̀rọ yẹn á lẹ ọ̀rá mọ́ pépà, kò sì ní ṣeé bó mọ́ láyé. Ẹ bá wa dá Bàbá Ìbejì dúró.

Akòko ni lóòótọ́, ojú yín ò tàn yín jẹ. Orúkọ tí wọ́n kọ́kọ́ fún un nínú ìwé sáyẹ́ǹsì lẹ rí yẹn, nígbà tó yá ni wọ́n yí i sí Newbouldia laevis, àmọ́ tẹ́ ẹ bá ṣí ìwé àwọn onímọ̀ ewéko dòní, ẹ máa rí P.Beauv. lẹ́yìn orúkọ náà. Palisot de Beauvois nìyẹn, ará Faransé, ìlú Arras ni wọ́n bí i sí ní 1752. Òun náà ló kọ́kọ́ fún obì àbàtà lórúkọ sáyẹ́ǹsì, òun ló fún òrúrù tó máa ń yọ òdòdó pupa fòò yẹn, òun ló sì fún ọ̀kan nínú àwọn igi ògùrọ̀. Gbogbo wọn wà nínú ìwé kan náà tí wọ́n ti gé tiyín.

1786 ló bá ọkọ̀ Landolphe, ọ̀gá ọkọ̀ òkun kan tó jẹ́ ará Faransé, wá sí Oware, ìyẹn Warri, ilẹ̀ àwọn Ìṣẹ̀kírì. Bénin tó wà nínú orúkọ ìwé yẹn, ilẹ̀ Ọba Ẹdó ni o, kì í ṣe Benin ti Kútọnu. Ó lò ju ọdún kan lọ níbẹ̀, ó ń já ewé, ó ń tẹ̀ ẹ́ sáàárín pépà kó lè gbẹ, àfi ìgbà tí àìsàn dá a dùbúlẹ̀, 1788 ó kọjá sí Saint-Domingue tá a mọ̀ sí Haiti lónìí. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì wá jó ilé ìṣòwò Landolphe tó wà ní Warri, ẹrù tó kù síbẹ̀ bá a lọ, ní 1793 ìlú Cap-Français náà jóná, ohun tó kó dé Haiti tún ṣègbé. Díẹ̀ tó ti fi ránṣẹ́ sí Jussieu, onímọ̀ ewéko kan ní Paris, ló yọ. Ohun tí iná ò rí jó ló wà lọ́wọ́ yín yẹn, mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ bó ṣe ṣe iyebíye tó.

Àmọ́ mi ò ní fi èyí pamọ́. Ọkùnrin yìí ò ka òwò ẹrú sí ẹ̀ṣẹ̀, ó tiẹ̀ kọ̀wé gbèjà ẹ̀. Nígbà táwọn ẹrú Haiti dìde pé àwọn fẹ́ òmìnira, ẹ̀yìn àwọn olówó ẹrú ló wà, àní wọ́n rán an lọ Philadelphia kó lọ wá ìrànlọ́wọ́ wá. Ilẹ̀ tó ti ń já ewé, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń kó èèyàn wọkọ̀. Inú mi máa ń bàjẹ́ tí mo bá rántí ẹ̀, síbẹ̀ mi ò ní sọ pé kẹ́ ẹ da àwòrán náà nù, ẹ gbé e kọ́, kẹ́ ẹ sì sọ gbogbo ẹ̀ fáwọn ìbejì, kì í ṣe ibi tó dùn nìkan.

1804 ni ìwé náà bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní Paris, apá 2, àwòrán 120. Ẹnì kan á yàwòrán, ẹlòmíì á fín in sára bàbà pẹlẹbẹ, òdìkejì ló máa fín in kó lè hàn dáadáa lórí pépà, wọ́n á fi íǹkì kùn ún, wọ́n á nu ojú bàbà náà mọ́ títí tí íǹkì á fi kù sínú ibi tí wọ́n fín nìkan, wọ́n á wá tẹ pépà tútù lé e pẹ̀lú agbára. Ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi máa rí orúkọ kéékèèké lábẹ́ àwòrán, ti òsì jẹ́ ẹni tó yà á, ti ọ̀tún ẹni tó fín in.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ojúlówó ni, ẹ fọ ọwọ́ yín, ẹ nù ún gbẹ, kẹ́ ẹ rọra fi ìka tọ ẹ̀gbẹ́ pépà yípo àwòrán náà, ibi tí etí bàbà tẹ̀ á jin díẹ̀, ìka yín á mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n wọ́n lè ti gé etí pépà, kí ibi tó jin yẹn ti bá a lọ. Ẹ mú awò tó ń sọ nǹkan di ńlá, ẹ fi wo àárín ewé. Tó bá jẹ́ tẹ̀rọ òde òní, ẹ máa rí tóótòòtó àwọ̀ búlúù, pupa, yẹ́lò àti dúdú tó tò lọ́gbọọgba. Àwọn tó ń fín bàbà náà máa ń lo tóótòòtó o, ẹ má jẹ́ kíyẹn dẹ́rù bà yín, tiwọn ò dọ́gba, ọwọ́ èèyàn ló gún un. Tẹ́ ẹ bá tún rí ihò abẹ́rẹ́ létí kan, ibi tí wọ́n ti rán ìwé pọ̀ nìyẹn.

Férémù tẹ́ ẹ máa lò, kí dígí ẹ̀ má kan pépà, kí oòrùn má ta sí i, kí sẹ́lótéèpù má sì dé ẹ̀yìn ẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé ọkùnrin nìkan ló ń ṣe irú iṣẹ́ yìí láyé ìgbà yẹn ni? — Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN: Rárá o, àbúrò. Lọ wá orúkọ Maria Sibylla Merian, ọmọ Jámánì, Frankfurt ni wọ́n bí i sí ní 1647. Ẹni ọdún 52 ni nígbà tóun àti ọmọ ẹ̀ obìnrin wọkọ̀ lọ Suriname ní Gúúsù Amẹ́ríkà ní 1699, ilẹ̀ ìrèké táwọn Dutch ń fi ẹrú dá. 1701 àìsàn lé e padà, ní 1705 ó gbé ìwé alàwòrán 60 jáde ní Amsterdam, tó ya kòkòrò àti labalábá sórí ewé tí wọ́n ń jẹ gan-an.

Ọ̀kan nínú ewé tó yà ni Pride of Barbados, èyí tá a ń gbìn síwájú ilé yìí. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn obìnrin onílẹ̀ tí wọ́n sọ dẹrú máa ń fi hóró ẹ̀ ṣẹ́yún kí ọmọ wọn má bàa wáyé wá ṣẹrú, pé àwọn fúnra wọn ló sọ fóun, ó sì mẹ́nu ba ìyà tó ń jẹ àwọn obìnrin dúdú tí wọ́n kó wá láti Guinea àti Angola. Mi ò tíì rí ọ̀rọ̀ tó wọ̀ mí lára tó báyẹn nínú ìwé ewéko.

Ìwé Merian àti ti Palisot wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí Biodiversity Heritage Library, ilé ìkàwé orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Tó o bá débẹ̀, má wo àwòrán Merian nìkan, wá ẹni tó gbọ́ Dutch tàbí Látìn kó ka ojú ìwé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ fún ẹ, torí àwọn tó ń gé ìwé wọ̀nyí tà lọ́kọ̀ọ̀kan, àwòrán ni wọ́n ń gbé lọ sọ́jà, ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin yẹn kì í bá a lọ.